Ìwé ìbò 35, ẹni mẹ́ta ló wọlé

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a dìbò yan alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa, lápá Àsẹ̀rò níbí l'Abẹ́òkúta. Ilé 35 ló ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ilé kan ìbò kan. Ẹni mẹ́ta ló ń du ipò náà: Bàbá Alága tó ti wà lórí àga láti ọdún mẹ́fà, Ìyá Aládìrẹ tó ní ṣọ́ọ̀bù n'Ítòkú, àti Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. A ní kí kálukú nawọ́ sókè. Èmi akọ̀wé ni mò ń kà á. Bàbá Alága ní 15, Ìyá Aládìrẹ ní 11, Tíṣà ní 9. A pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà, wọ́n pín ẹlẹ́rìndòdò.

A ò tíì dé ẹnu géètì tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Ilé 20 ni kò mú bàbá yìí, ẹ wá ní àwọn la yàn?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà: 11 àti 9, 20 ni. Ẹlòmíì dá a lóhùn pé, "Ta ló wá ní ju 15 lọ nínú wọn?" Ìyẹn náà tọ̀nà. Àwọn méjèèjì ṣe báyìí jà dé ìkóríta, èmi sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ sílé, mo jókòó tì í.

Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀rọ̀ gómìnà tí gbogbo ìlú gbé lẹ́nu báyìí kò jìnnà sí i. Lọ́dún 2027, Dàpọ̀ Abíọ́dún yóò parí sáà kejì tí òfin fún un, àga yóò sì ṣófo. Láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé ta ló kàn: ṣé Yéwà tí kò tíì jẹ gómìnà rí láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ni, àbí Ẹ̀gbá tún fẹ́ gbà á, àbí Ìjẹ̀bú òun Rẹ́mọ ò ní í fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí a ṣe máa ka ìbò ọ̀hún. Gbogbo wa gbà pé ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2019. Abíọ́dún ti APC ní ìbò 241,670. Adékúnlé Akínladé ti APM ní 222,153. Gbóyèga Ìsíákà ti ADC ní 110,422, Bùrùjí Kàṣámù ti PDP sì ní 70,290. Ìbò 19,517 ló wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì. Akínladé àti Ìsíákà, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn làwọn méjèèjì. Ẹ ro tiwọn pọ̀, ó di 332,575. Ìyẹn fi 90,905 ju ìbò ẹni tó wọlé lọ.

Ẹ̀yin ará Yéwà, ẹ má tíì pariwo. Ìròpọ̀ yẹn kò sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni ìbá wọlé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó dìbò fún Ìsíákà fẹ́ràn Abíọ́dún ju Akínladé lọ. Ìwé ìbò wa kò bi wọ́n. Ẹyọ kan ló ní kí wọ́n tẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé ìyókù ohun tó wà lọ́kàn wọn padà sílé. Lọ́dún 2023 náà, Abíọ́dún ní 276,298, Ládi Adébùtú ní 262,383 (ọmọ Ìpẹru làwọn méjèèjì, ẹ ṣáà máa wò ó), Bíyí Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ sì ní 94,754. Ìyàtọ̀ ẹni kìíní sí ẹni kejì kò ju 13,915 lọ. Ìbò ẹni kẹta tó ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, ó tún lé. Ká ní wọ́n bi àwọn 94,754 wọ̀nyẹn pé, "Bí tiyín ò bá rọ́wọ́ mú ńkọ́, ta lẹ máa mú nínú àwọn tó kù?" kí ni wọn ìbá sọ? Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè dáhùn rẹ̀ fún wa mọ́.

Iṣẹ́ ìbò títò ni láti béèrè. Dípò kí olùdìbò mú ẹyọ kan, yóò to gbogbo wọn: ẹni tí mo fẹ́ jù, ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé ẹni tí mi ò fẹ́ rí sójú. Ó dùn ún gbọ́. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí a máa fi títò yẹn ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo gbé ìwé káàkiri

Mo ya ìwé nínú ìwé ọmọ mi, mo gé e sí 35, mo kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, mo sì gbé e láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. "Ẹ kọ 1 síwájú ẹni tí ẹ fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, 3 síwájú ẹni tó kù." Mọ́mì kan kọ 1 síwájú gbogbo wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìjà. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi tún un kọ. Nígbà tí mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n gbà tò ó:

Ilé 15: Bàbá Alága, Tíṣà, Ìyá Aládìrẹ.
Ilé 11: Ìyá Aládìrẹ, Tíṣà, Bàbá Alága.
Ilé 8: Tíṣà, Ìyá Aládìrẹ, Bàbá Alága.
Ilé 1: Tíṣà, Bàbá Alága, Ìyá Aládìrẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ mú iye wọ̀nyí dáadáa. Wọn ò ní yí padà mọ́. Òfin kíkà nìkan la máa máa pààrọ̀.

Bí a bá kà á bí INEC ṣe ń kà á, ipò kìíní nìkan la máa wò. Bàbá Alága, 15. Wọ́n wọlé.

Bí a bá wá ní ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ, ìyẹn 18 ó kéré tán nínú 35, kò sẹ́ni tó dé bẹ̀. A ó yọ ẹni tó kéré jù kúrò, Tíṣà nìyẹn pẹ̀lú 9 tirẹ̀. A ò ní da ìwé 9 yẹn nù o. A ó wo ẹni tí wọ́n kọ 2 sí lórí wọn, a ó gbé wọn fún un. Mẹ́jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aládìrẹ, ó di 19. Ẹyọ kan lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alága, ó di 16. Ìyá Aládìrẹ ló wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tún un kà lọ́nà kẹta. Ẹ mú wọn ní méjì-méjì bí ẹni ń ja ẹkẹ. Tíṣà àti Bàbá Alága: ilé mélòó ló to Tíṣà ṣáájú? 11, 8 àti 1, ó jẹ́ 20. Bàbá Alága ní 15. Tíṣà dá wọn. Tíṣà àti Ìyá Aládìrẹ: ilé 15 tó mú Bàbá Alága ló to Tíṣà ṣáájú ìyá, pẹ̀lú ilé 9 tirẹ̀, ó di 24 sí 11. Tíṣà tún dá wọn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó lè dá lójúkojú nínú wọn, Tíṣà ni, òun náà sì ni ẹni tí a kọ́kọ́ yọ sọnù nígbà tí a kà á lọ́nà kejì.

Ìwé kan náà ni o. Ìkọ̀wé kan náà, ilé kan náà, ẹni mẹ́ta ló wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "àwọn ará ìlú ti sọ̀rọ̀", ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ti gbìyànjú ẹ̀

Ọ̀nà kejì, tí à ń yọ ẹni tó kéré jù, ló gbajúmọ̀ jù láyé báyìí. Ìbò pínpín ló mú Australia gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1918, wọ́n dìbò láti dí àga kan nílé aṣòfin ní agbègbè Swan. Àwọn méjì tí èrò wọn jọra fọ́ ìbò ara wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ń jẹ́ Edwin Corboy sì gba àárín wọn wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún yẹn kò tíì parí tí ìjọba fi yí òfin padà. Ire ìlú kọ́ ló gbawájú lọ́kàn wọn, ìpayà ni: wọ́n rí i pé àwọn tún máa pàdánù bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó mọ́ jù lójú mi ni ti Ireland lọ́dún 1990. Brian Lenihan ní ìbò 694,484 ní kíkà àkọ́kọ́, Mary Robinson ní 612,265, Austin Currie sì ní 267,902. Lábẹ́ òfin tiwa, Lenihan ti di ààrẹ. Lábẹ́ òfin tiwọn, wọ́n yọ Currie, wọ́n sì pín ìwé rẹ̀: 205,565 lọ sọ́dọ̀ Robinson, 36,789 péré lọ sọ́dọ̀ Lenihan, ìyókù kò kọ orúkọ kejì. Robinson fi 817,830 sí 731,273 wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ibẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà ló wá dà bí ìtàn àdúgbò wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Mary Peltola ṣe ipò kìíní pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, Sarah Palin ṣe ìkejì, Nick Begich ṣe ìkẹta. Wọ́n yọ Begich, Peltola sì fẹ̀yìn Palin balẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé gbogbo ìwé ìbò jáde fún ará ìlú láti wò, àwọn oníṣirò rí i pé Begich ìbá na Palin lójúkojú, ìbá sì na Peltola náà. Tíṣà ni Begich. Ẹni tí àwọn tó pọ̀ jù lè fara mọ́ lọ kú sí kíkà àkọ́kọ́, torí pé kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ààyò. Lọ́dún 2024 wọ́n tún dìbò níbẹ̀ bóyá kí wọ́n pa òfin náà rẹ́, ìbò tí kò tó 1,000 ló sì gbà á là.

Àwọn ará Faransé méjì

Ọ̀nà ìjàkadì méjì-méjì yẹn, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tó ń jẹ́ Condorcet ló fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1785. Ẹnìkejì rẹ̀, Borda, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ti gbé tirẹ̀ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris láti ọdún 1770: ẹ fún ipò ní máàkì. Nínú ẹni mẹ́ta, ipò kìíní gba 2, ipò kejì gba 1, ipò kẹta gba òdo. Ẹ ro ti àdúgbò wa pọ̀: Bàbá Alága ní 31, Ìyá Aládìrẹ ní 30, Tíṣà ní 44. Tíṣà náà ni.

Ohun tí Tíṣà yóò kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ipò nínú kíláàsì nìyí, ó sì dà bí ẹni pé kò lábùkù. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn Bàbá Alága lè ṣe. Wọ́n mọ̀ pé Tíṣà ló máa borí bàbá. Ilé 15 náà lè parọ́: kí wọ́n fi Tíṣà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n gbé Ìyá Aládìrẹ sí ipò kejì. Máàkì Tíṣà já sí 29. Bàbá Alága wà ní 31 tiwọn. Ẹ̀tàn ti jẹ́, àbí? Rárá o. Ìyá Aládìrẹ, tí wọ́n kàn fi dí àyè, ti fò láti 30 lọ sí 45. Ẹni tí wọn ò fẹ́ rárá ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé wọlé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣírò ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní ṣé kò sí.

Ọ̀nà yíyọ náà kò sá fún irọ́. Bí a ṣe kà á, Ìyá Aládìrẹ ló wọlé, òun sì ni ilé 15 yẹn fi sí ìsàlẹ̀. Ká ní ilé mẹ́ta péré nínú wọn gbọ́n, tí wọ́n kọ 1 fún Tíṣà dípò Bàbá Alága: Bàbá Alága ní 12, Tíṣà ní 12, Ìyá Aládìrẹ ní 11. Ìyá la máa yọ. Ìwé 11 tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Tíṣà, ó fi 23 sí 12 wọlé. Ilé mẹ́ta tó parọ́ ti rí ẹni tí wọ́n lè fara mọ́. Ẹni tó sòótọ́ ló jìyà.

Tiransifọ́mà, gọ́tà àti géètì

Ẹ ó sọ pé kí a ṣáà mú ti Condorcet, kí a máa fi wọ́n wọ ìjàkadì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí owó ẹgbẹ́ délẹ̀ tí a fẹ́ mọ ohun tí a ó fi ṣe. Àwọn kan fẹ́ kí a tún tiransifọ́mà ṣe, àwọn kan fẹ́ gọ́tà torí àgbàrá tó ń wọlé wọn, àwọn yòókù fẹ́ géètì torí olè. Mo tún gbé ìwé káàkiri. Ilé 12 to tiransifọ́mà, gọ́tà, géètì. Ilé 12 to gọ́tà, géètì, tiransifọ́mà. Ilé 11 to géètì, tiransifọ́mà, gọ́tà.

Ẹ fi wọ́n wọ ìjàkadì. Tiransifọ́mà na gọ́tà, 23 sí 12. Gọ́tà na géètì, 24 sí 11. Ó yẹ kí tiransifọ́mà wá na géètì nìyẹn, kí á lọ sílé. Ṣùgbọ́n géètì ló na tiransifọ́mà, 23 sí 12. Ó yípo bí ọmọdé tó ń lé ìrù ajá. Kò sí ilé kan tí èrò rẹ̀ dojú rú nínú àwọn 35 yìí, kálukú mọ ohun tó fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí a kó wọn pọ̀ ni ẹgbẹ́ wá di ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́. Condorcet fúnra rẹ̀ ti rí ìyípo yìí lọ́dún 1785.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi ni wọ́n ní kí n darí ìdìbò, torí pé Bàbá Alága lọ òde ní Ṣágámù. Mo ní kí a kọ́kọ́ nawọ́ lórí gọ́tà àti géètì. Gọ́tà borí. Mo ní ó kù gọ́tà àti tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà borí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ká ní tiransifọ́mà àti géètì ni mo fi ṣáájú, gọ́tà ni ìbá gbẹ̀yìn. Ká ní tiransifọ́mà àti gọ́tà ni, géètì là bá gbé. Àwọn 35 dìbò, ìbò wọn sì péye, àmọ́ ẹni tó yan èyí tó ṣáájú ló yan ohun tó wọlé. Ilé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà.

Ṣé kò wá sí òfin kan tó gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí? Lọ́dún 1951, Kenneth Arrow, ará Amẹ́ríkà, kọ àwọn nǹkan díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa gbà pé ó tọ́. Kálukú lómìnira láti tò ó bó ṣe wù ú. Bí gbogbo ìlú bá fẹ́ Àjàyí ju Àjàní lọ, kí Àjàyí wà lókè Àjàní nínú èsì. Ipò Àjàyí sí Àjàní kò gbọdọ̀ yí padà torí pé Àlàbí wọlé díje tàbí ó jáde. Èsì kò gbọdọ̀ máa yípo. Kí ó má sì sí kábíyèsí kan láàárín olùdìbò tó jẹ́ pé ohun tó bá ti fẹ́ ni èsì. Arrow wá fi ìṣirò hàn pé bí olùdíje bá ti pé mẹ́ta, kò sí òfin ìbò títò tó lè pa gbogbo ìwọ̀nyí mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé wọn ò tíì rí i o, kò lè sí ni. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1972. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Gibbard lọ́dún 1973 àti Satterthwaite lọ́dún 1975, tún fi kún un pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tí irọ́ ò lè ṣe lóore nígbà kan, àfi ti kábíyèsí yẹn.

Ẹni méjì péré

Gbogbo wàhálà yìí, orí ẹni mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ni, oníṣirò kan tó ń jẹ́ Kenneth May fi hàn lọ́dún 1952 pé òfin "ẹni tó pọ̀ jù" nìkan ló bá gbogbo ẹ̀tọ́ mu. Àwa ará Abẹ́òkúta ní ẹ̀rí tiwa. Ní June 12, ọdún 1993, ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba fàyè gbà. Ọmọ Gbágùrá, M.K.O. Abíọ́lá, ní 8,341,309, Bashir Tofa ní 5,952,087. Borda, Condorcet, yíyọ, ọ̀nà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi kà á, ẹni kan náà ni. Àwọn tó fagi lé e ò rí ìṣirò kankan dì mú.

Kó tó débẹ̀ ńkọ́? Nínú ìdìbò abẹ́lé SDP, ẹgbẹ́ Abíọ́lá, ní Jos lọ́dún yẹn kan náà, ẹni mẹ́ta ló léwájú: Abíọ́lá, Kingibe àti Atiku. Atiku tó ṣe ìkẹta jáde kúrò, àwọn aṣojú tún ìbò dì láàárín àwọn méjì tó kù, Abíọ́lá sì mókè. Ìbò yíyọ ni, àfi pé ìdúnàádúrà òru ló gbé ìbò ẹni kẹta lọ sí ibi tó lọ, dípò nọ́ńbà 2 tí olùdìbò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ìwé òfin ọdún 1999 ní àyè fún ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì náà. Ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Bí kò bá ní in, wọ́n á tún ìbò dì láàárín ẹni méjì. A ò tíì dé ibẹ̀ rí. Lọ́dún 2023, Tinúbú wọlé pẹ̀lú 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Ẹ ro ti àwọn méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀, kẹ́ ẹ tún rántí ohun tí mo sọ nípa Akínladé àti Ìsíákà: ìròpọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ibi tí a ti fẹ́ẹ́ dé ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ọdún 1979, ìṣirò rẹ̀ ṣì ń bí àwọn àgbà ìpínlẹ̀ yìí nínú títí dòní. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano tó jẹ́ ìkẹtàlá, ó ní 243,423 nínú 1,220,763, kò dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ kì í gé, 13 ni. Richard Akínjídé, lọ́yà tó gbèjà Shagari, ní ó ń gé: ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano jẹ́ 813,842, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn kò ju nǹkan bí 203,460 lọ, Shagari sì ti kọjá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù gbà fún un, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó sì yapa. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n mo lè ṣírò. Bí ẹ bá gé ìbò Kano sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ gé ti Shagari náà: yóò ku 162,282, kò sì dé 203,460. Wọ́n gé òṣùwọ̀n, wọn ò gé ẹrù. Ẹ sì jẹ́ kí n rán yín létí pé ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ògùn, òfin sì ní kí gómìnà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ẹ pín in wò.

Àtàǹpàkò

Ká sọ pé Abújà gbà lọ́la pé kí a máa tò wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tó máa dí wa lọ́nà ni àtàǹpàkò. Ìka la fi ń tẹ ìwé ìbò nílẹ̀ yìí, a kì í kọ nọ́ńbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìyá tí kò mọ ìwé lè tẹ̀ ẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ṣeé yanjú: kí a fa òpó mẹ́ta síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ èyí tó bá fẹ́. Papua New Guinea, níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti kàwé, ń ṣe ipò mẹ́ta, wọn ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíkà ló le. Ìdìbò wa ní ohun kan tí mi ò ní fi ṣeré: ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń kà á ní ibùdó. Wọ́n gbé ìwé sókè, wọ́n pe ẹgbẹ́, àwa èrò ń kà á tẹ̀ lé wọn, wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, àwọn ọ̀dọ́ ya fọ́tò rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé ìpínlẹ̀, ìròpọ̀ lásán ló kù. Ẹni tó bá ní fọ́tò gbogbo fọ́ọ̀mù lè jókòó sílé rẹ̀ l'Ádìgbẹ̀ kó mọ̀ bóyá wọ́n purọ́.

Ìbò yíyọ kò ṣeé rò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibùdó kan kò lè mọ ẹni tí yóò yọ, àfi bí gbogbo ibùdó bá ti kà tán. Àbí kẹ̀, ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà kó ìwé ìbò jọ sí Augusta tó jẹ́ olú ìlú wọn ni. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n máa kó àpótí ìbò ibùdó 176,846 tí INEC ní lọ́dún 2023 lọ sí ojú kan, lóru, lórí títì tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá ní kí ibùdó kọ iye tó to orúkọ lọ́nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, fún ẹni mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́fà ni. Fún ẹni márùn-ún, 120. Fún olùdíje 18 tó wà lórí ìwé ààrẹ lọ́dún 2023, ó jẹ́ 6,402,373,705,728,000. Fọ́ọ̀mù wo ló máa gba ìyẹn?

Ti Condorcet ṣeé rò pọ̀. Olùdíje 18 kò ní ju ìjàkadì 153 lọ, ìjàkadì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà méjì. Fọ́ọ̀mù gígùn ni, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni. Máàkì Borda náà ṣeé rò pọ̀. Èyí tó rọrùn jù fún àtàǹpàkò ni pé kí a jẹ́ kí ènìyàn tẹ iye ẹni tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni kan tàbí mẹ́rin, kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà gba irú rẹ̀ wọlé lọ́dún 2020. Níbí, bí o bá tẹ méjì, ìwé rẹ bàjẹ́ nìyẹn. Nínú gbogbo wọn, èmi á mú èyí tí ará ibùdó lè kà tẹ̀ lé ju èyí tó dára jù nínú ìwé lọ. Bí ẹ bá rò pé ojo ni mí, ó yá, ẹ lọ dúró ti àpótí.

Ládùúgbò wa, mo dábàá pé kí a má lo ìwé rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, nígbà ìjọba Babangida, ẹ̀yìn àwòrán olùdíje la ń tò sí ní gbangba, ọmọdé ń ka àgbà. Kí a ṣe é ní ìlà mẹ́ta: Bàbá Alága àti Tíṣà kọ́kọ́ dúró, kí a tò sẹ́yìn wọn, kí a kà á. Tíṣà àti Ìyá Aládìrẹ. Ìyá Aládìrẹ àti Bàbá Alága. Ìṣẹ́jú 20, ó tán. Ìyá Aládìrẹ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kìkì pé òun fẹ́ mọ ẹni tó máa tò sẹ́yìn àwọn yòókù bí oníbàárà òun bá ń wò ó. Tíṣà ní òun ò dupò mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá Alága ní ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, kí a gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwọn ni wọ́n máa darí ìpàdé ọ̀hún, àwọn ni wọ́n á sì sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ nawọ́ sí.